Àlejò Tó Padà Lẹ́yìn Ọdún Márùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi dàgbà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ná, kí n tó sọ ohun tí mo ṣe fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Òun jẹ́ ẹni ogún ọdún. Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ìyá wa, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó lọ wá iṣẹ́ sí yàrá ìfọṣọ ní ọsibítù ńlá tó wà láàárín ìlú. Nígbà tí mo bi í pé ìgbà wo ló máa padà sílé ìwé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Fìlà kan ṣoṣo ló wà nílé yìí, orí rẹ ló sì bá mu." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di tíṣà, tí òun sì di alágbàfọ̀.

Yàrá ìfọṣọ yẹn wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo àjà ọsibítù náà. Ẹ̀rọ ńláńlá mẹ́fà ló ń yí níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ga sókè, kò sì sí ohun téèyàn lè rí níbẹ̀ ju bàtà àwọn tó ń kọjá lóde. Aṣọ ibùsùn, aṣọ dókítà, aṣọ tí wọ́n fi ń bo aláìsàn nígbà iṣẹ́ abẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá ẹ̀gbọ́n mi. Kòséèérí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí àbàwọ́n tó borí rẹ̀ rí. Ó máa ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé, "Ẹ má fi omi gbígbóná kan ẹ̀jẹ̀ o. Omi gbígbóná ló ń bá ẹ̀jẹ̀ fẹ́ aṣọ níyàwó. Omi tútù ni, kí ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ tó mú ọṣẹ wá." Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, yóò ní àwọn tó wà lókè ń gba ẹ̀mí là, àwa tó wà nísàlẹ̀ ń bo àṣírí.

Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, onídìrí ni, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń gbé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pé àádọ́ta ọdún, nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró. Kò bà á nínú jẹ́ rárá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn tí òun ń fọ̀ ti tó òun.

Ọdún márùn-ún kọjá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wá kí mi. A wà nínú ilé ìdáná, èmi ń gé àlùbọ́sà, òun ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ó kàn ṣàdédé ní:

"Tíṣà, àlejò mi àtijọ́ ti padà dé o."

Mo ní, "Àlejò wo nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èyí tó máa ń wá lóṣooṣù. Ọdún márùn-ún ló ti pa mí tì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bá tún rí i lẹ́nu ọ̀nà."

Mo pariwo. "Háà! Ẹ ti padà di ọmọge nìyẹn! Ká yáa múra, ká wá ọkọ fún yín."

"Ọkọ wo? Èyí tó kú ṣì ń wá mi lójú àlá, ó ní kí n bá òun wá bọ́tìnnì òun."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àlùbọ́sà wà níbẹ̀ náà, àmọ́ ẹ̀rín ló pọ̀ jù. Bó ṣe ń nu ojú rẹ̀, ó bi mí, ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé kò burú ṣá?"

Mo ní, "Kí ló máa burú níbẹ̀? Ara àgbà ni. Ó máa lọ bó ṣe dé."

Ó ní, "Ó dáa." Ó padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nìyẹn o. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ohun tí mo sọ yẹn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, ìwé wà nílé mi, dókítà méjì sì ní ọmọ ní kíláàsì mi. Nígbà tó fi di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ti gbàgbé.

Òun ò gbàgbé. Nígbà tó yá la gbọ́ pé oṣù méjì lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ó dá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà ládùúgbò rẹ̀. Ọkùnrin tó bá níbẹ̀ kò ní kó dùbúlẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní ayípadà ara ni, àwọn obìnrin mìíràn máa ń rí i bẹ́ẹ̀, ó sì fún un ní oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ̀jẹ̀ náà dúró lóòótọ́, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn méjì pé kò sí nǹkan kan. Ta ló kù tó máa bi?

Bí obìnrin kan bá wà láyé yìí tó mọ bí èèyàn ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ pa mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ń gé àwọn aṣọ ibùsùn tó ti gbó, ó ń ṣẹ́ wọn sí ìdí. Ó pa aṣọ aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tì, dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ ló ń wọ̀. Kí ọmọ rẹ̀ tó jí láàárọ̀, ó ti fọ ohun tó yẹ ní fífọ̀, ó ti sá a sẹ́yìn ilé. Nílé mi, ó dẹ́kun jíjókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, àga onígi ló dẹ òun lọ́rùn. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun bí ẹfun, mo ní kó dín iṣẹ́ kù. Ó ní, "Ọṣẹ ló bó o."

Báyìí ló ṣe lọ títí ó fi pé oṣù mẹ́rìnlá.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ní bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo wà níwájú pátákó nígbà tí wọ́n pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ooru ni. Nígbà tí wọ́n gbé e, wọ́n rí ilẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sí. Wọn ò tilẹ̀ dúró de kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Inú ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó aṣọ ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi lífítì gbé e lọ sókè.

Dókítà tó gbà á jẹ́ obìnrin, kò tíì pé ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ tutù. Ẹ̀jẹ̀ tó kù lára ẹ̀gbọ́n mi kò tó ìdajì ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n fa àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta sí i lára kó tó lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni dókítà fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi dúró lápá ọ̀tún, ọmọ rẹ̀ dúró níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣì wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tí ìyarun wà ní àpò.

"Màmá, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn? Nǹkan oṣù gan-an ni mò ń béèrè, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yìí."

"Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà."

"Ẹ̀jẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Oṣù mẹ́rìnlá."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, tí obìnrin bá ti lo ọdún kan gbáko láìrí nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ wá láti ibẹ̀ mọ́. Ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan. Tó bá wá, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Kò pẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ṣẹ́jú ni. Ó wá yíjú padà sí dókítà.

"Rárá o, Dókítà. Mo kàn lọ gba oògùn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. "Màámi, kí ló dé? Èmi tí a jọ ń sùn lábẹ́ òrùlé kan? Tí ẹ ò bá lè sọ fún mi, ṣé ẹ ò lè sọ fún Àǹtí Tíṣà?"

Ẹnu mi wà níbẹ̀, ahọ́n mi wà níbẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé ara ògiri inú ilé ọmọ máa ń tín-ín-rín bíi bébà lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti tán. Tirẹ̀ nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ní ó lè jẹ́ pé nǹkan kékeré kan ló hù síbẹ̀ tí kò ní ibi nínú, ó lè jẹ́ pé ara ògiri náà kàn nípọn ni, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára wọn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ ló máa ń jẹ́, àmọ́ àfi tí àwọn bá mú díẹ̀ lára ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú nígbà tí wọ́n ń mú ẹran náà. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò nípọn tó ike tí ọmọdé fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Dókítà ní, "Ó máa dùn yín díẹ̀, bí inú rírun ìgbà nǹkan oṣù." Ẹ̀gbọ́n mi fún mi lọ́wọ́ títí ìka mi fi kú. Òógùn bò ó lójú, síbẹ̀ ó ní, "Ilé tí ọmọ kan ṣoṣo gbé, tó sì ti kó jáde láti ọjọ́ yìí, kí ni wọ́n ń wá kiri níbẹ̀?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi dúró de èsì. Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ pé "ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin" yẹn la dì mú. Ọmọ rẹ̀ ń tún un sọ bí àdúrà. Èmi náà ń tún un sọ, lórí ìdúró, níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, lórí ìbùsùn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sí lára ọ̀pọ̀ yẹn.

Wọ́n tún ya àwòrán mìíràn, láti àyà dé ìsàlẹ̀ ikùn. Jẹjẹrẹ náà ti kúrò nílé ọmọ, ó ti dé ẹ̀dọ̀, ó ti ta dé ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ ṣe àdììtú. Ó ní ká ní inú ilé ọmọ nìkan ló wà ni, iṣẹ́ abẹ ni àwọn ì bá ṣe, àwọn ì bá gbé ilé ọmọ náà kúrò, kó sì padà sílé. Ní báyìí, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwọn máa fi ìtànṣán jó ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró. Àwọn máa fún un ní oògùn. Àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ohun tí àwọn lè ṣe kò ju kí àrùn náà rọra máa rìn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ká ní oṣù tó bẹ̀rẹ̀ ni mo gòkè wá bá yín ńkọ́?"

Dókítà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún yín, Màmá. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó bá tètè wá, à ń wò wọ́n sàn."

"Ẹ ṣeun," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ ibùsùn tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ká a. "Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo lò lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Àtẹ̀gùn lásán ló wà láàárín wa."

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí láìmọye ìgbà. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ṣe gbólóhùn.

Lẹ́yìn ìgbà karùn-ún tí wọ́n fi ìtànṣán náà sí i lára, ẹ̀jẹ̀ dúró. Ó dúró pátápátá. Fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko, ilẹ̀ gbẹ. Ó gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ti tì sísàlẹ̀ àpótí jáde, ó wọ̀ ọ́, ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù mi láìtẹ́ nǹkan kan sí i. Ọmọ rẹ̀ ń jó nínú yàrá. Ó di irun fún màmá rẹ̀, irun kékeré tí oògùn kò tíì kó lọ, ó sì ń pè é ní ìyàwó ojú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé lásìkò yẹn yóò ní ó ti sàn. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ikọ́, ẹsẹ̀ wú. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, kò lè jẹun ju ṣíbí méjì lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá kí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró sẹ́bàá ògiri, wọ́n ń wo aṣọ ibùsùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fojú kúrò níbẹ̀. Ọmọ mi ló fọ̀ ọ́, ó sì gbìyànjú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jáde lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ lọ ra oògùn ìrora. Ó ku èmi pẹ̀lú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sídìí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí à ń gé àlùbọ́sà…"

Ó ní, "Mo ti ń retí ìgbà tí o máa gbé e wá."

"Ẹ bi mí. Ẹ bi mí, mo sì rẹ́rìn-ín."

"Àwa méjèèjì la rẹ́rìn-ín." Èémí rẹ̀ kúrú, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí lọ́jọ́ yẹn. Mo ti mọ̀ nínú ara mi. Èèyàn máa ń mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹnìkan sọ pé kò sí nǹkan. O sọ ọ́. Inú mi dùn títí mo fi délé."

"Kí ló dé tí ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ọmọ mi wà níbẹ̀." Ó di ọwọ́ mi mú. Kò lágbára mọ́, bí ìgbà tí ewé bá bà léni lọ́wọ́. "Ìwọ nìkan ló máa kù fún un. Má sọ fún un. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Ó kú lọ́jọ́ kẹsàn-án sígbà náà, lọ́wọ́ ọ̀sán, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń bu omi wá láti fi nu ojú rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ikọ́ dúró, a sì rò pé oorun ló gbé e lọ.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi pa ìlérí mọ́. Ọmọ rẹ̀ ń wá sílé mi lójoojúmọ́. Yóò gbé orí lé mi léjìká, yóò ní, "Àǹtí Tíṣà, ká ní Màámi sọ fún yín ni, mo mọ̀ pé ẹ ì bá wọ́ ọ lọ. Ẹ ì bá fi ìjà wọ́ ọ lọ." Ó ń sọ ọ́ láràárọ̀, ó ń sọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ó ń wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ tí a lọ palẹ̀ yàrá màmá rẹ̀ mọ́, tó tún sọ ọ́, agbára mi pin. Mo ní, "Ó sọ fún mi."

Ó dúró. Ẹ̀wù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni ó ti ká.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àlùbọ́sà, ìrẹsì, ọ̀rọ̀ ọmọge àti ọkọ, ohun tó bi mí àti èsì tí mo fún un. Mo sọ bó ṣe wò mí níwájú dókítà. Mo sọ ìlérí tí mo ṣe pẹ̀lú.

Kò pariwo. Ó ká ẹ̀wù náà tán, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. Ó wá bi mí, jẹ́ẹ́jẹ́, "Màámi ní kí ẹ má sọ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ sọ ọ́?"

Mo ní, "Ó wúwo jù fún mi."

Ó mi orí. "Ẹ wá gbé e fún mi kí n bá yín rù ú." Ó na ọwọ́ sí ẹ̀wù mìíràn. "Ẹ máa lọ sílé, Àǹtí. Màá dá èyí tó kù ṣe."

Ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn báyìí, ó ti rí ilé ìdìrí síbẹ̀. Mo máa ń pè é lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ó ń gbé e. Ó ń kí mi bó ti yẹ, ó ń béèrè iṣẹ́, ó ń béèrè ara. Nǹkan oṣù tirẹ̀ ti ń dà jù láti ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ta mí lólobó. Dókítà màmá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún wa pé kó má fojú kéré irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè tẹ̀ lé ìdílé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ni mò ń bi í bóyá ó ti lọ fi ara rẹ̀ han dókítà.

Èsì kan náà ló máa ń fún mi. "Mo ti gbọ́, Àǹtí."

Kò sọ rí pé òun ti lọ.